Ọmọ Sabon Gari: Ilé Mi Dà?

Nígbàkigbà tí a bá ń ṣe ìpàdé ìkíni-káàbọ̀, tí alága bá ní kí olúkúlùkù dìde kí ó sọ orúkọ àti ìlú rẹ̀, àyà mi a máa já. Ẹni tó jókòó lọ́tùn-ún mi á ní Ìbàdàn, ti òsì á ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí mo bá wá ní Sabon Gari, Zaria, ẹ̀rín ni. Wọ́n á ní, "Ìlú rẹ gan-an là ń béèrè." Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ Samaru, tí a sì rò pé a ti mọ Zaria.

Ẹ wọ ọkọ̀ láti Samaru lọ́jọ́ Sátidé kan. Ẹ ó kọjá Kwangila, ẹ ó dé Sabon Gari, lẹ́yìn náà Tudun Wada, kí ẹ tó gba Kofar Doka wọ Birni. Birni ni ìlú àtijọ́ tí wọ́n mọ odi yí ká, níbi tí ààfin Ẹmíà Zazzau wà. Ìlú tí ìtàn Ọbabìnrin Amina so mọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n òyìnbó ló pín ìyókù bí a ti ń rí i lónìí. Nígbà tí wọ́n parí ojú irin Baro sí Kano ní 1911, tó gba Zaria kọjá, àwọn akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti oníṣòwò láti ìhà gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá. Òyìnbó kò fẹ́ kí wọ́n gbé inú odi pẹ̀lú àwọn onílẹ̀. Ó fún wọn ní ilẹ̀ lóde, ó pè é ní Sabon Gari, ìyẹn "ìlú titun" ní èdè Hausa. Àwọn ará Àríwá tí kì í ṣe ọmọ Zaria gba Tudun Wada, òyìnbó fúnra rẹ̀ gba GRA. Ẹmíà àti àwọn hákímì rẹ̀ ló ń ṣàkóso Birni. Àwa àlejò ní tiwa lọ́tọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má tíì bú Hausa o. Sabo tó wà ní Ìbàdàn ńkọ́? Ọdún 1916 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn Hausa, orúkọ kan náà, ète kan náà. Ọmọ Hausa tí a bí sí Sabo, tó ń fi Ìbàdàn búra, ṣé a ti pè é ní ọmọ Ìbàdàn rí?

Àtúnṣe ìjọba ìbílẹ̀ ti 1976 ló sọ gbogbo Nàìjíríà di ọ̀kan nínú ọ̀ràn yìí: alága àti kánsílọ̀ níbi gbogbo. Lónìí, ìjọba ìbílẹ̀ Zaria wà lọ́tọ̀, ti Sabon Gari wà lọ́tọ̀. Kódà Yunifásítì Ahmadu Bello, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún: Samaru wà lábẹ́ Sabon Gari, Kongo tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin wà sì wà lábẹ́ Zaria.

Bàbá bàbá mi fi rélùwéè wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ lórí. Ibí ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibí ni wọ́n bí èmi náà sí. Ní oṣù kẹwàá 2024, nígbà ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kaduna, mo tò sórí ìlà nínú oòrùn, mo sì dìbò. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ìlú baba mi lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo nílò ìwé ọmọ ìbílẹ̀ fún owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Mo lọ sí ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ. Bàbá tó wà nídìí tábìlì kò yájú sí mi rárá, ó tilẹ̀ fún mi ní àga. Ó ní, "Ina garinku?" Mo ní Sabon Gari. Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Ẹ̀rín kan náà tí ẹ ń rín mi ní ìpàdé wa ni. Òfin sì gbè é lẹ́yìn: abala 318 nínú ìwé òfin 1999 ní ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí rẹ̀, tàbí òbí òbí rẹ̀, jẹ́ ọmọ àwùjọ onílẹ̀ níbẹ̀. Kò ka iye ọdún tí èèyàn ti gbé níbẹ̀ sí. Ìbò mi dára, èmi ni kò dára.

Ni mo bá wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí n kò sùn níbẹ̀ ju alẹ́ méjì lọ láyé mi. Mo dárúkọ agboolé wa, wọ́n mọ̀ ọ́n. Mọ́gàjí wo ojú mi, ó ní imú bàbá mi àgbà ni. Ó kọ̀wé, ó tẹ̀ka. Ní ọjọ́ kejì, ìwé ti wà lápò mi. Àwọn ọmọdé agboolé ń sín èdè mi jẹ, wọ́n ń pè mí ní Gàm̀bàrí.

Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ fún Mọ́gàjí pé ó dàbọ̀, wọ́n ní, "Ìgbà wo lo tún ń bọ̀ wálé, ọmọ mi?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ délé ná."