Ọkọ̀ Ni Ilé Wa: Ìmúrasílẹ̀ fún Ìgbà Òtútù

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ọdún kẹta nìyí tí èmi àti ìyàwó mi ti ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi onígbòkun ní èbúté kan ní Annapolis, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ bàtà 34 ni ọkọ̀ náà gùn. Ibùsùn wà níwájú, ibi ìdáná kékeré wà láàárín, orí tábìlì tí a ti ń jẹun ni mo sì ti ń kọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti lo ìgbà òtútù níbẹ̀. Lọ́dún yìí, a ti pinnu láti tu ọkọ̀ lọ sí gúúsù, sí St. Augustine ní ìpínlẹ̀ Florida, kí yìnyín tó dé.

Ẹni tí kò bá tíì sùn nínú ọkọ̀ ní oṣù kìíní lè rò pé òtútù ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ilé orí ilẹ̀. Ó yàtọ̀ gidigidi. Omi yí ilé ká, igun gbogbo ni òtútù ń gbà wọlé. Èémí ẹni àti ooru ìkòkò ọbẹ̀ a máa di omi lára ògiri ọkọ̀, a sì máa kán sórí ibùsùn bí ìrì. Bí a kò bá nù ún lójoojúmọ́, aṣọ àti ìwé yóò hu. Nígbà tí òtútù bá le, àwọn alábòójútó èbúté a ti omi ẹ̀rọ pa kí páìpù má baà bẹ́, a ó sì máa fi kẹ́ẹ̀gì pọn omi bí ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Omi Chesapeake Bay kò sì níyọ̀ tó ti òkun, nítorí pé odò ńláńlá ń ṣàn sínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń yára dì ju omi òkun lọ.

Síbẹ̀, a kò lè ṣí nígbà tó bá wù wá. Àkókò ìjì líle lórí òkun Àtìláńtíìkì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, ó sì ń parí ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá. Ìwé àdéhùn tí a ní pẹ̀lú ilé iṣẹ́ adójútòfò sọ pé ọkọ̀ wa kò gbọdọ̀ lọ jìnnà sí gúúsù kí oṣù kọkànlá tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá yára jù, ìjì lè bá wa lọ́nà, a kò sì ní rí owó gbà bí ọkọ̀ bá fọ́. Bí a bá pẹ́ jù, òtútù yóò ká wa mọ́ orí omi. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni ó wà láàárín méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Nínú orí 27 ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, ọ̀gá ọkọ̀ tí Pọ́ọ̀lù wọ̀ fẹ́ dé Fóníkè, èbúté kan ní Kírétè, láti lo ìgbà òtútù níbẹ̀. Àkókò ti kọjá, Pọ́ọ̀lù sì ti kìlọ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣí. Ìjì gbá wọn dé Mélítà, ọkọ̀ fọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn 276 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó yè. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè ka orí náà nínú Bíbélì Yorùbá, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú nínú títúmọ̀ rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí mo ń lò lójoojúmọ́. Ẹ wo ìdákọ̀ró: ohun tí ń dá ọkọ̀ ró. Ẹ wo atukọ̀: ẹni tí ń tu ọkọ̀. Èdè wa kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún irú ìgbé ayé yìí.

Láti oṣù kẹsàn-án ni a ti ń múra. Ìyàwó mi fi okùn fà mí gun òpó ìgbòkun, tí orí rẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 48 ga ju ojú omi lọ, mo sì yẹ gbogbo wáyà tí ó di òpó náà mú wò, nítorí pé bí ọ̀kan bá já, òpó lè wó. A pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti àwọn asẹ́ rẹ̀. A dán ẹ̀rọ tí ń fa omi jáde nísàlẹ̀ ọkọ̀ wò. A fi ọ̀dà pupa sàmì sí ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 25, kí a lè mọ iye tí a tú sílẹ̀. Bí omi bá jin ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tí iwájú ọkọ̀ sì fi 4 ga ju omi lọ, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 14. Ìlọ́po méje rẹ̀, èyíinì ni 98, ni a ó tú sílẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá le. Ẹ̀wọ̀n tí ó kúrú máa ń fa ìdákọ̀ró tu.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹrù kàn. Odó tí ìyàwó mi fi ń gúnyán kò lè bá wa lọ, nítorí pé ohun tó bá wúwo tó bẹ́ẹ̀ lè yí gbirigbiri lu ènìyàn nígbà tí ìgbì bá dé. Ọ̀rẹ́ wa kan ní Baltimore ti gbà á tọ́jú. Gàrí, èlùbọ́, ata gbígbẹ àti ẹja gbígbẹ ni wọ́n gba ààyè rẹ̀. Nínú àwọn ìwé mi, díẹ̀ ni ó kù. Ìwé atúmọ̀ èdè tí R. C. Abraham ṣe ní 1958 wà lára wọn.

Láti Norfolk ní ìpínlẹ̀ Virginia ni ọ̀nà omi tí ó gba ẹ̀bá òkun lọ sí gúúsù ti bẹ̀rẹ̀. Bí máìlì 780 ni ó wà láti ibẹ̀ dé St. Augustine. Ọkọ̀ wa kì í sáré ju máìlì 6 lọ ní wákàtí kan, ojúmọ́ oṣù kọkànlá kò sì gùn. Nítorí náà, bí a bá rìn ní máìlì 45 lójúmọ́, yóò gbà wá tó ọjọ́ 17, láìka ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ yóò dá wa dúró. A fẹ́ gba inú irà ńlá tí wọ́n ń pè ní Great Dismal Swamp kọjá. Àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ipa odò tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1805. Nínú irà yẹn kan náà ni àwọn tí wọ́n sá kúrò lóko ẹrú ti fara pa mọ́, tí wọ́n sì tẹ ibùdó dó. Lẹ́bàá St. Augustine tí à ń lọ, àwọn tí wọ́n sá wá láti Carolina rí òmìnira gbà lọ́wọ́ ìjọba Sípéènì, wọ́n sì dá Fort Mose sílẹ̀ ní 1738. Òtútù ni àwa ń sá fún. Ẹ̀wọ̀n ni àwọn sá fún. Mi ò ní fi ìrìn àjò wa wé tiwọn, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ibẹ̀ kọjá láìrántí wọn.

Ìyá mi ní Ọ̀yọ́ kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí rárá. “Àkànní, ẹja ni ó ń gbé inú omi,” ni wọ́n wí lórí fóònù. Mo ní, “Ẹ má bínú, Ìyá mi. Àwọn ará Ìlàjẹ ń kọ́lé sórí omi, àwọn ará Ganvié ní ilẹ̀ Benin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.” Wọ́n ní ilé tí wọ́n wọ̀nyẹn kọ́ ṣì ní ẹsẹ̀ nínú ilẹ̀, tèmi kò ní. Wọ́n wá béèrè pé, “Bí wọ́n bá ránṣẹ́ pé ara mi kò yá, níbo ni iṣẹ́ náà yóò ti bá ọ?” Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mi ò rí èsì fọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láti ìgbà náà ni ìmúrasílẹ̀ wa ti kún sí i. Mo kọ orúkọ ibi gbogbo tí a ó dúró sí àti pápákọ̀ òfurufú tó sún mọ́ ọn: Norfolk, Wilmington, Charleston, Savannah, Jacksonville. Ìwé ìrìnnà mi àti owó ọkọ̀ wà nínú àpò tí omi kò lè wọ̀, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó mi sì fi odindi ọjọ́ méjì tu ọkọ̀, ó ju ìdákọ̀ró, ó sì tún fà á sókè láìsí ọwọ́ mi níbẹ̀, kí ó má baà há bí mo bá ní láti lọ. Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ọ̀yọ́. Ìyá mi ní kí ó ka orúkọ àwọn ìlú náà fún àwọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò sọ pé àwọn gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣàdúrà fún wa.

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ògiri àti òrùlé ni ìyá mi ń wá. Ohun tí wọ́n ń wá ni ibi tí iṣẹ́ ti lè bá ọmọ wọn, tí ọmọ náà yóò sì ti dìde. Bí ọkọ̀ wa bá lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé ni. Bí kò bá lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ibùsùn lásán ni, ì báà jẹ́ pé orí ilẹ̀ ni ó wà.

Ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni a ó ṣí, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹ bá wa ṣàdúrà fún afẹ́fẹ́ tó tura. Ó dìgbà o.