Nígbà tí Màmá Mi Tún Gun Olúmọ

Ẹni tó bá ń gbé Ìsọlọ̀ mọ̀ pé òkè kò sí ládùúgbò wa. Ibi tó ga jù tí màmá mi ń gùn ni afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Òṣòdì, láti ìgbà tí orúnkún sì ti ń dà wọ́n láàmú, ìdajì àtẹ̀gùn ni wọ́n ti máa ń dúró mí. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ gun Olúmọ kí àwọn tó pé ọgọ́rin ọdún, mo rẹ́rìn-ín. Wọn kò bá mi rẹ́rìn-ín. Abẹ́òkúta ni a ti bí wọn. Eré ni wọ́n fi ń sá gun àpáta náà nígbà èwe.

A wọ ọkọ̀ ní Òṣòdì láàárọ̀ Sátidé, a gba Sàǹgó àti Ifọ̀ kọjá. (Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ lórí sún-kẹẹrẹ Sàǹgó.) Olúmọ kò ga ju mítà 137 lọ sí ìtẹ́jú òkun. Kò tó Òbúdú, níbi tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ orí wáyà sí òkè tó ju mítà 1,500 lọ. Ṣùgbọ́n Olúmọ ní lífítì onígíláàsì tirẹ̀, òun ni mo gbọ́kàn lé.

Abẹ́ àpáta la kọ́kọ́ yà sí, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun, lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ débẹ̀ ní 1830. Kòtò kéékèèké tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ ṣì wà lójú òkúta. Màmá mi ki ìka bọ ọ̀kan. Wọ́n ní, "Àwọn àgbà inú wọn ńkọ́? Ta ló fún wọn ní lífítì?"

Nígbà tí ẹ̀rọ náà gbéra, èmi ni mo di irin mú. Màmá ń wo ìta.

Lífítì kì í gbéni dé ṣóńṣó. Ẹsẹ̀ ló kù. (Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ o.) Mo nawọ́, wọ́n kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n fúnra wọn béèrè rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n jókòó, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kí a padà.

Lókè, òrùlé páànù tó ti dípẹtà tẹ́ rẹrẹẹrẹ sísàlẹ̀. Màmá ń wá ilé bàbá wọn. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀ṣì Aké ṣe àmì, wọ́n ka òrùlé lọ sápá òsì, ó dàrú mọ́ wọn lójú, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́. Mo rántí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́, n kò sọ ọ́.

"Òun nìyẹn, lẹ́yìn igi yẹn."

Igi tí mo rí lé ní ogún. "Mo ti rí i, Màámi."

"Irọ́ lò ń pa. Sún mọ́ mi." Wọ́n di orí mi mú bí ẹni di orí ọmọdé, wọ́n yí i síbẹ̀.