Bodè Tí Mo Fi Kẹ̀kẹ́ Kọjá Láìmọ̀

Fóònù mi ló sọ fún mi pé mo ti kúrò ní Jámánì. Mo wà lórí kẹ̀kẹ́ létí adágún omi, mò ń wá ibi tí bodè wà, ni àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé pé ẹ káàbọ̀ sí Swítsàlandì. Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sí géètì, kò sí òṣìṣẹ́ kankan. Ọkùnrin kan ló ń mú ajá rẹ̀ rìn lọ rìn bọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjì.

Konstanz ni mo ti ń bọ̀, ìlú àtijọ́ tó wà létí adágún tí wọ́n ń pè ní Bodensee, tí Jámánì, Swítsàlandì àti Ọ́sítríà jọ yí ká. Ó ti tó ogún ọdún tí mo gun kẹ̀kẹ́ kẹ́yìn. Kí n tó jáde ní àdúgbò Niederburg, níbi tí ọ̀nà ti há láàárín àwọn ilé àtijọ́, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ìyá àgbà kan tó kó ẹ̀fọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láàárín ọdún 1414 sí 1418, àwọn aṣáájú Ìjọ Kátólíìkì ṣe àpérò ńlá nílùú yìí, torí pé èèyàn mẹ́ta ló ń pe ara wọn ní Póòpù lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n kọ́ sétí omi lọ́dún 1388 ṣì dúró. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti yan Martin V lọ́dún 1417. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Jan Hus ló mú mi lọ́kàn jù. Àlùfáà láti Prague ni, tó ń bá àwọn olórí ìjọ wí. Ọba Sigismund fún un ní ìwé àṣẹ pé kó wá sí àpérò náà láìséwu. Hus gbẹ́kẹ̀ lé ìlérí ọba, ó wá. Kò pẹ́ tó dé ni wọ́n tì í mọ́lé. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1415, wọ́n dáná sun ún lẹ́yìn odi ìlú, wọ́n sì da eérú rẹ̀ sínú odò Rhine. Òkúta ńlá kan ló ń tọ́ka ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ kí n tó gba etí omi lọ sí bodè.

Ní bodè yẹn, mo ṣàkíyèsí pé láti àárọ̀ ni mo ti ń fọwọ́ kan ìwé ìrìnnà inú báàgì mi, bí ẹni pé ẹnìkan máa tó bèèrè rẹ̀. Ilé ni mo ti kọ́ ìbẹ̀rù yẹn. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wọ bọ́ọ̀sì láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa. Ìwé mi pé. Síbẹ̀, ibi mẹ́rin ni wọ́n ti fa okùn dí ọ̀nà. Ní ibi kẹta, mo takú pé mi ò ní sanwó. Dírẹ́bà bá sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn, ká lè máa lọ.” Àwọn èrò yòókù ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo dá wọn dúró. Mo sanwó.

N ò sọ pé àwọn òyìnbó sàn jù wá lọ. Oṣù méjì gbáko ni mo fi wá físà tó gbé mi débẹ̀. Odi tí wọ́n wó láàárín ara wọn, ìta ni wọ́n gbé e sí de àwa. Bodè yẹn gan-an ní wáyà nígbà kan. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n fi í dí ibẹ̀, ọdún 2006 ni wọ́n tó yọ ọ́ létí omi, tí wọ́n wá to ère irin 22 sójú ààlà.

Ọdún 1979 ni àwọn olórí wa ti fọwọ́ sí àdéhùn ECOWAS pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ìwé náà dára. Ìwé tí Hus gbà náà dára. Àwọn tó di ilẹ̀kùn mú ni kò kà á sí. Ìyá tó ń gbé tòmátò kọjá bodè wa kò nílò àdéhùn tuntun. Kí wọ́n ká okùn yẹn kúrò lójú ọ̀nà ló nílò.

Èmi náà ní tèmi láti ṣe. Nígbà míì tí wọ́n bá dá wa dúró, mo fẹ́ mú ìwé mi dání kí n má sì sanwó, bí gbogbo èrò ọkọ̀ tilẹ̀ ń wò mí.