Jákẹ́ẹ̀tì Awọ Àgùntàn: Láti Creekmouth dé Hornchurch

Lọ́tẹ̀ yìí, aṣọ kan la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti ibi tí a lè kó àwọn ọmọ lọ lọ́jọ́ Sátidé kan láìná owó púpọ̀.

Aṣọ ọ̀hún kò ṣàjèjì. Ẹ máa ń rí i lọ́jà East Street ní Barking tí òtútù bá ti dé: jákẹ́ẹ̀tì aláwọ, kò gùn kọjá ìbàdí, irun kún ọrùn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn rẹ̀. Àwa àgbà a máa yínmú, a ní aṣọ àwọn ọmọ ìta ni. Ṣùgbọ́n tí a bá tọpa rẹ̀ dáadáa, aṣọ ogun ni, àwọn ènìyàn wa sì ní ìpín nínú ogun náà.

Irvin ni wọ́n ń pe jákẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn RAF, wọ̀ nígbà ogun Hitler. Leslie Irvin, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe páráṣúùtì, ló gbé e jáde. Ní 1926 ló dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Letchworth, níhà àríwá London. Awọ àgùntàn ni: irun wà nínú, awọ wà níta. Lókè lọ́hùn-ún, òtútù a máa ju ti inú fìríìsà ilé wa lọ, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì gan kò lè di nǹkan mú. Ìdí nìyẹn tí kọ́là rẹ̀ fi ṣeé nà sókè bo etí, tí síìpù sì wà lápá rẹ̀ kí ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ lè ráyè kọjá.

Barking ni ọ̀nà wa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba River Road lọ sí Creekmouth, níbi tí odò Roding ti ń wọ Thames. Lọ́rí àti ilé ìkẹ́rùsí ló kún ọ̀nà náà, kò dùn ún wò. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni Frederick Handley Page ti dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú sílẹ̀ ní 1909. Ní 1912 ó kó lọ sí Cricklewood. Ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ létí odò Barking yìí ló wá ṣe Halifax, ọkọ̀ ajubọ́ǹbù tó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin. Gbogbo Halifax tí wọ́n ṣe jẹ́ 6,176. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìṣirò kì í fojú fo irú iye bẹ́ẹ̀: 710 nínú rẹ̀ ló jẹ́ ìpín ilé iṣẹ́ tí àwọn bọ́ọ̀sì àti rélùwéè London ṣagbátẹrù. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa bọ́ọ̀sì láàárín wa, ṣé ẹ gbọ́?

Níbo wá ni tiwa wà níbẹ̀? Akin Shenbanjo, ọmọ Nàìjíríà, wà nínú Halifax ti 76 Squadron, ẹ̀rọ wáyálẹ́ẹ̀sì ló ń bójú tó. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ọkọ̀ wọn pé "Achtung! The Black Prince". Jámánì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, bí ẹni ń sọ fún ọ̀tá pé: ẹ ṣọ́ra, Ọmọba Dúdú rèé! Shenbanjo gba àmì ẹ̀yẹ DFC.

Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, ti la ọ̀nà sílẹ̀. Kí ogun tó dé, ẹni tí kì í bá ṣe ìran òyìnbó pọ́nńbélé kò lè di ọ́físà RAF. Oṣù kẹwàá 1939 ni wọ́n tó gbé òfin yẹn tì. Thomas di ọ́físà ní 1942, òun ni ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ló pa á ní oṣù kìíní 1945, oṣù díẹ̀ péré kí ogun tó parí. Ìlú Bath ni wọ́n sin ín sí. Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, Stella Thomas, tó di adájọ́ májísíréètì ní 1943, obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ìdí tí a fi ń sọ èyí rèé. Ọmọ ọ̀kan nínú wa ya awakọ̀ òfurufú ní kíláàsì. Ó kùn ún ní àwọ̀ ara tirẹ̀, ó sì ya jákẹ́ẹ̀tì onírun sí i lọ́rùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sí irú wọn níbẹ̀. Ó délé, ó bi bàbá rẹ̀, bàbá ò rí èsì fún un. Kò sẹ́ni tó sọ fún bàbá náà rí. Àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ padà sí Barking, kí ẹ wọ rélùwéè District line. Tí ẹ bá ti kọjá Dagenham East, ẹ ti wọ Havering nìyẹn. Ẹ sọ̀ ní Elm Park, kí ẹ rìn lọ sí Hornchurch Country Park. Pápá Spitfire ni ibẹ̀ nígbà ogun. Àwọn ilé kọnkéré kéékèèké tí sójà ń lúgọ sí ṣì wà níbẹ̀. Ní September 6, 1939, Spitfire láti pápá yìí ṣèèṣì já Hurricane méjì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ bọ́, awakọ̀ kan sì kú. Ogun Barking Creek ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ogun kì í ṣe eré.

Ní ti owó: àwọn kan ṣì ń rán jákẹ́ẹ̀tì yìí bíi ti àtijọ́, bí Eastman ní Devon àti Aero ní Scotland. Àwòkọ tó péye lè gba £1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó tà á bí àwòkọ kò tan ẹnikẹ́ni. Ẹni tó pè é ní ojúlówó ló ń jalè. Ẹ wo àpò rẹ̀: Irvin tí ìjọba pín kò ní àpò níta. Tí ti ọjà bá ní, fóònù àti owó ló wà fún. Tí ẹ bá sì rí ti àtijọ́ gan-an, ẹ má gbé e sítòsí hítà, awọ náà á gbẹ, á sì ya. Ọmọ tó ṣì ń ga kò nílò ti £1,000. Ti ọjà tó o, ìtàn ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ fi kún un, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ dáhùn: Ta ni Ọmọba Dúdú? Ọdún wo ni Thomas di ọ́físà? Odò méjì wo ló pàdé ní Creekmouth? Ẹni tó bá gbà á, kí Dádì tàbí Mọ́mì ra áísìkiriìmù fún un ní Elm Park. Ọlọ́run á dá gbogbo wa sí. Àṣẹ.