Igba Tí A Kò Fi Àmì Sí

 Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti kọ nǹkan fún yín gbẹ̀yìn. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Èmi àti kọ̀ǹpútà la jọ wọ ìjàkadì. Ìjà náà ti parí báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ kan iṣẹ́ èdè tó pa wá pọ̀, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ rò ó fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ kì í kọ kóòdù, ẹ fara balẹ̀. N óò máa túmọ̀ rẹ̀ bí a bá ṣe ń lọ.

Mo ṣe ojú ewé kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kí wọ́n lè máa fi etí kọ́ ohùn Yorùbá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ igbá, yóò gbọ́ bí àgbàlagbà kan ṣe pe igbá tí a fi ń bu omi. Bó bá tẹ igba, yóò gbọ́ iye tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún méjì. Ìgbà wà níbẹ̀, igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ náà sì wà níbẹ̀. Àwọn ohùn wọ̀nyí kò sí lórí sáfà kan náà pẹ̀lú ojú ewé mi. Wọ́n wà lórí sáfà mìíràn tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo kọ́ ní yunifásítì nígbà kan rí ń bójú tó fún mi láìgba kọ́bọ̀.

Mo ti ṣèlérí fún àwọn àgbà tó yá wa lóhùn pé akẹ́kọ̀ọ́ mi nìkan ni yóò máa gbọ́ wọn. Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́fà, mo rántí pé a kò tíì ti ilẹ̀kùn ibẹ̀. Mo bẹ ọmọ náà kó tì í, ó sì tì í lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà. Ètò tuntun ni pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wọlé, sáfà yóò fún un ní kọ́kọ́rọ́ kan tó jẹ́ àkójọ lẹ́tà àti nọ́ńbà, ojú ewé mi yóò sì máa fi kọ́kọ́rọ́ yìí hàn nínú àkọlé tí a ń pè ní Authorization nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ gba ohùn.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ mọ́, ojú ewé ti yadi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọlé, wọ́n ń gba kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n ohùn kankan kò dún. Mo ṣí ibi tí búráúsà, èyí tí àwọn kan ń pè ní aṣàwákiri, máa ń kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ pupa ni mo bá níbẹ̀: ìlànà CORS ti dí ìbéèrè yìí lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí CORS jẹ́. Láti 1995, nígbà tí Netscape Navigator 2 gbé JavaScript wọ inú búráúsà, ni òfin kan ti bẹ̀rẹ̀ pé kóòdù tó wá láti orírun kan kò gbọdọ̀ ka ohun tó jẹ́ ti orírun mìíràn. Ohun mẹ́ta ló para pọ̀ di orírun: ìlànà ìbánisọ̀rọ̀, bíi http tàbí https, orúkọ sáfà, àti nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀, orírun ti yàtọ̀ nìyẹn. Lójú búráúsà, https://iwe.example àti http://iwe.example kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Òfin yìí kì í ṣe ti ìkà. Bí ẹ bá wọ àkáǹtì báńkì yín nínú fèrèsé kan, tí ẹ sì ṣèèṣì wọ ojú ewé gbájú-ẹ̀ nínú òmíràn, òfin yìí ni kì í jẹ́ kí kóòdù gbájú-ẹ̀ ka iye owó yín. CORS, tí àjọ W3C fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014, ni ọ̀nà tí sáfà fi lè sọ pé, "Mo gba lágbájá láàyè, ẹ jẹ́ kó kà á." Àkọlé Access-Control-Allow-Origin tó wà lára ìdáhùn ni ó fi ń sọ ọ́.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tí ohùn fi ń dún kí a tó ti ilẹ̀kùn? Àmì audio lásán ni mo ń lò nígbà náà. Búráúsà gbà kí ojú ewé gbé àwòrán tàbí ohùn jáde láti orírun mìíràn fún ojú àti etí ènìyàn. Ohun tí kò gbà ni kí kóòdù kà á láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n àmì audio kò lè gbé àkọlé Authorization. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti kọ́kọ́rọ́, mo ní láti fi fetch béèrè ohùn náà, ibẹ̀ ni mo sì ti bọ́ sábẹ́ òfin CORS. N kò ronú dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo rí kò ju pé ohùn ń dún kí ọmọ yìí tó fọwọ́ kan sáfà, kò sì dún mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo gbìyànjú ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbìyànjú. Mo kọ no-cors sínú kóòdù. Ọ̀rọ̀ pupa nípa CORS lọ, ṣùgbọ́n ìdáhùn tó dé jẹ́ àpótí títì tí kóòdù mi kò lè ṣí. No-cors sì ti bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ìbéèrè kó tó jáde nílé. Mo pa ààbò búráúsà tèmi. Ohùn dún lórí tábìlì mi, ṣùgbọ́n n kò lè lọ pa ààbò kọ̀ǹpútà àti fóònù gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Mo fi curl béèrè ohùn kan náà, ó sì wá wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí curl kì í ṣe búráúsà. Òfin orírun kò kàn án.

Dípò kí èyí là mí lójú, inú ló bí mi. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo kọ̀wé sí ọmọ náà. Mo ní ó ti fi alẹ́ kan ba iṣẹ́ ọdún méjì jẹ́, mo sì ní bí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ bá ti sú u, kó sọ fún mi. Ojú ń tì mí bí mo ti ń kọ gbólóhùn yìí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, èsì rẹ̀ dé: "Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Mo ti yẹ àkọsílẹ̀ sáfà wò. Láti ọjọ́ Jímọ̀, kò sí GET kan ṣoṣo tó wá gba ohùn láti búráúsà àwọn akẹ́kọ̀ọ́. OPTIONS nìkan ló ń dé, 401 ni sáfà sì fi ń dá a lóhùn. Sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí a kò fi àmì ohùn sí láìka gbólóhùn náà dé òpin. Ẹ bá mi ka ìyókù ohun tí búráúsà kọ."

Mo ka ìyókù. Lẹ́yìn CORS tó ti gba ojú mi, gbólóhùn náà ń bá a lọ pé ìdáhùn sí ìbéèrè aṣíwájú kò yege, nítorí pé nọ́ńbà tó bá a wá kì í ṣe ti àṣeyọrí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọ̀rọ̀ yìí fi wà níwájú mi. Èmi tí mo máa ń gé máàkì akẹ́kọ̀ọ́ tó dáhùn ìbéèrè láìkà á tán!

Nígbà tí kóòdù bá fẹ́ fi àkọlé bíi Authorization ránṣẹ́ sí orírun mìíràn, búráúsà kì í kọ́kọ́ rán ìbéèrè náà gan-an. Yóò rán OPTIONS ṣíwájú láti wádìí bóyá onílé gbà. OPTIONS yìí kì í mú kọ́kọ́rọ́ dání; bí ìlànà ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn. Alárinà ni. Ọmọ mi sì ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ìbéèrè, alárinà pẹ̀lú. Ó dà bí ìdílé tó ń gba owó orí lọ́wọ́ alárinà kí ó tó sọ ohun tó bá wá. Ọ̀ràn ìdánimọ̀ ni àìsàn gan-an. CORS kò ju orúkọ ibi tí ìránṣẹ́ ti dúró lọ.

Ìwòsàn rẹ̀ kò ṣòro. Kí sáfà fi 204 dá OPTIONS lóhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè kọ́kọ́rọ́; kó dárúkọ orírun tiwa; kó sì dárúkọ Authorization nínú Access-Control-Allow-Headers. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ ni o, nítorí pé nínú ìlànà náà, àmì ìràwọ̀ tó dúró fún "gbogbo rẹ̀" kò kó Authorization mọ́ra.

Ó tún un ṣe láàárín wákàtí kan. Mo tẹ igbá. Ọ̀rọ̀ pupa tún yọ! Mo ti na ọwọ́ sí fóònù kí n tó rántí ara mi. Mo kà á dé òpin. Lọ́tẹ̀ yìí, GET ti dé ọ̀dọ̀ sáfà, 401 gidi ló sì padà wá. Kọ́kọ́rọ́ kan kì í lò ju wákàtí mẹ́rìnlélógún lọ. Kóòdù tèmi ti tọ́jú ti ọjọ́ Jímọ̀, ó sì ń fi í ṣí ilẹ̀kùn ọjọ́ Ajé. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ohun tó jẹ́ kí n rí 401 náà kedere ni pé ọmọ yìí ti fi àkọlé àṣẹ sára ìdáhùn ìkọ̀sílẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ sáfà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú nginx, add_header kì í fi nǹkan kan sára ìdáhùn 401 àyàfi tí a bá kọ always sí ìparí rẹ̀. Níbi tí kò bá sí, búráúsà yóò fi 401 pamọ́ fún kóòdù, yóò sì tún pariwo CORS.

Ẹ wo orúkọ 401 fúnra rẹ̀. Unauthorized ni wọ́n pè é, ẹni tí kò ní àṣẹ. Ṣùgbọ́n bí RFC 9110 ti ọdún 2022 ṣe túmọ̀ rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé ìbéèrè kò mú ẹ̀rí ìdánimọ̀ tó péye wá. 403 ni ti àṣẹ. Bó bá ṣe pé èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ, "N kò mọ̀ ọ́" ni ǹ bá pe 401, "Mo mọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà fún ọ" ni ǹ bá pe 403. Ẹni tí a kò mọ̀ lè padà lọ mú ẹ̀rí wá. Ẹni tí a mọ̀, tí a sì kọ̀ fún, ẹ̀rí tó mú wá kò ní ṣí ilẹ̀kùn fún un.

CORS nínú ọ̀rọ̀ pupa yẹn dà bí igba tí a kò fi àmì sí. Ó lè jẹ́ orírun tí sáfà kò dárúkọ. Ó lè jẹ́ alárinà tí wọ́n lé padà. Ó lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́ tó ti kú. Bó bá jẹ́ kúkì lẹ fi ń wọlé, ó lè jẹ́ àmì ìràwọ̀ tí sáfà fi sí ipò orúkọ orírun, èyí tí búráúsà kì í gbà nígbà tí kúkì bá wà lára ìbéèrè. Nítorí náà, ẹ ka gbólóhùn náà tán. Ẹ ṣí abala Network nínú búráúsà, kí ẹ wò ó bóyá OPTIONS ló kú tàbí GET, kí ẹ sì wo nọ́ńbà tó bá a wá. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú sáfà léèrè ohun tí òun rí lọ́dọ̀ tirẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbọ́ ti búráúsà nìkan, tí mo sì fi dá ẹjọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Mo pè é lórí fóònù, mo sì tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, sà. Èmi náà ni mo gbàgbé OPTIONS." Ìdánwò wáyé ní ọjọ́rú bí a ṣe dá a. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo fi síbẹ̀ ni pé kí wọ́n tẹ́tí sí ohùn mẹ́rin, kí wọ́n sì fi àmì sí igba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ó dìgbà o.