Orin Tí A Jẹ Baálẹ̀ Àpòmù

Ọkọ̀ wa yà ní Ìkirè, àwọn tó ń kiri dòdò sì ti yí wa ká kí ẹ́ńjìnnì tó kú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, tí ẹlòmíràn ì bá kó dà nù, ni wọ́n ń fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n ń dín nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Ìyá tó ta tèmi ń kọrin ọpẹ́ sábẹ́ ahọ́n bó ti ń ka ṣéńjì mi. Nínú ọkọ̀, awakọ̀ ti fi orin Beautiful Nubia sí i, láti inú àwo Jangbalajugbu tó jáde lọ́dún 2002.

Orin méjèèjì wọnú ara wọn, ó sì bá mi lára mu. Ṣẹ́gun Akínlolú ni orúkọ olórin yìí, ọmọ tí wọ́n bí sí Ìbàdàn lọ́dún 1968, tó kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó gbájú mọ́ orin. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni pé ó lè bá aláṣẹ wí, kó dúpẹ́, kó sì fún èèyàn nírètí, láìpariwo mọ́ ẹnikẹ́ni.

A ò tíì jẹ dòdò tán tí a fi dé Àpòmù. Nígbà kan rí, ọjà ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, ibẹ̀ náà ni àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ti ń ta ọmọ ọlọ́mọ. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921 pé Aólẹ̀, kó tó di Aláàfin, ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ lẹ́rú níbẹ̀. Ọmọ ọba ni o! Síbẹ̀, baálẹ̀ Àpòmù mú un, ó sì ní kí wọ́n nà án. Nígbà tí Aólẹ̀ gorí oyè, ó dá ogun sí Àpòmù. Baálẹ̀ sá lọ sí Ilé-Ifẹ̀, nígbà tó sì rí i pé ìlú fẹ́ parun nítorí òun, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ kí àwọn èèyàn rẹ̀ lè yè.

Ọ̀rọ̀ baálẹ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi títí a fi wọ Ifẹ̀. Tí a bá ń kọrin ẹ̀tọ́, orúkọ aninilára ló máa ń pọ̀ lẹ́nu wa. Tí a bá ń kọrin ọpẹ́, oúnjẹ, ọmọ àti àjíǹde ara la máa ń kà. Ẹni tó dúró ti òtítọ́ tó sì jìyà rẹ̀ ńkọ́? Ọpẹ́ tirẹ̀ náà wà lọ́rùn wa, nítorí ibẹ̀ ni ọmọdé ti máa mọ̀ pé ẹnìkan ti ṣe é rí, pé òun náà lè ṣe é.

Ẹ̀yin olórin Ìkirè àti Àpòmù, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ẹ wà ní Ìkirè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orin baálẹ̀ yẹn fún wa.