Ẹ Má Pa Àwọn Ọmọ Lẹ́nu Mọ́ Lórí Ọ̀rọ̀ Ìbọn



Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nínú ẹgbẹ́ àwa ọmọ Muṣin níhìn-ín ní Amẹ́ríkà: ṣé ó yẹ kí àwọn ọmọ wa máa bá ẹgbẹ́ wọn jáde ní kíláàsì láti fẹ̀hónú hàn nítorí òfin ìbọn? Àwọn òbí kan ní rárá, wọ́n ní ìwé la rán wọn lọ kọ́, a ò rán wọn níjà ìjọba. Mo mọ ibi tí ẹ̀rù yẹn ti wá. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì 1971, ọlọ́pàá yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kúnlé Adépéjú, ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìfẹ̀hónúhàn lórí oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ ló fà á. Ní oṣù Kẹrin 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ fowó kún owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, NUNS, tí Ṣẹ́gun Òkéòwò jẹ́ ààrẹ rẹ̀, sì dìde. Ní Yunifásítì Èkó ní Àkókà, tí kò jìnnà sí Muṣin rárá, ìbọn ọlọ́pàá pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Akintúndé Òjó. Ìjọba fòfin de NUNS, wọ́n lé Òkéòwò kúrò ní yunifásítì, wọ́n sì yọ ọ̀gá àgbà ibẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adé Àjàyí, nípò. Ní oṣù Kẹwàá 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ní kí ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS kógbá wọlé, ìbọn tún dún ní Sùúrùlérè. Òbí tó bá rántí gbogbo èyí, kò lè gbọ́ pé ọmọ òun fẹ́ gbé páálí dání kí àyà rẹ̀ má já.

Ìbọn ìjọba nìyẹn. Èyí tó wà lábẹ́ aṣọ àwọn ọmọ àdúgbò ńkọ́? Òfin ìbọn tí Nàìjíríà ṣe ní 1959 le ju ti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà lọ. Láìsí àṣẹ Ààrẹ, aráàlú kò gbọdọ̀ ní ìbọn ìléwọ́. Ṣakabùlà ọdẹ pàápàá ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Síbẹ̀, bí àdúgbò kan bá kọlu èkejì ní Muṣin, ẹ mọ bó ṣe ń rí: ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù á máa dún gbàgà ní ọjà Ojúwòyè, ìyá á fa ọmọ sílẹ̀ kúrò lójú fèrèsé, bílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á máa ka ẹni tí wọ́n sáré gbé lọ sí ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà. Kò sì mọ sí Muṣin nìkan: ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn gbé ìbọn wọ ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ 5. George Ìwílàdé tí wọ́n ń pè ní Afrika, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, wà lára wọn.

Níhìn-ín ní Amẹ́ríkà, ọmọ mi ọkùnrin ṣàlàyé fún mi ìdánrawò tí wọ́n ń ṣe níléèwé rẹ̀ nítorí ẹni tó lè gbé ìbọn wọlé. Tíṣà á ti ilẹ̀kùn, á paná, gbogbo wọn á rọra jókòó sílẹ̀ nídìí ògiri níbi tí ojú ẹni tó wà lóde kò ti ní tó wọn, fóònù gan-an kò gbọdọ̀ dún. Ó bi mí bóyá a ṣe irú rẹ̀ rí nílé. Mo ní àwa ò ṣe ìdánrawò. Bí ìbọn bá dún, a ti wà nílẹ̀.

Nítorí náà ni n kò ṣe lè bá àwọn tó fẹ́ pa àwọn ọmọ lẹ́nu mọ́ lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n pa ènìyàn 17 níléèwé kan ní Parkland, ìpínlẹ̀ Florida, ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2018, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ gba ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin lọ. Kí oṣù kan tó pé, Florida ti sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 kò gbọdọ̀ ra ìbọn. Àwọn kan nínú wa ní ìbọn nílé nítorí olè, wọ́n sì ní olè kì í gbàwé àṣẹ. Òótọ́ ni, Muṣin sì jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n òfin tí kò rẹ́ni mú un ṣẹ ni Muṣin ń jẹ́rìí sí. Kò sọ pé ká má ṣòfin. Ohun tí àwọn ọmọ wa lè rí kọ́ lọ́dọ̀ wa nìyí: kí wọ́n béèrè òfin, kí wọ́n sì béèrè ta ni yóò mú un ṣẹ, àti ta ni yóò dáhùn bí ẹni tó wọ aṣọ ìjọba bá ṣi ìbọn yìn.

Àbá mi rèé. Kí òbí mọ àwọn tó ṣètò ìwọ́de náà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, àti ẹni tí ọmọ á pè bí nǹkan bá yí padà. Ọmọ tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì pé, kí ó kọ́kọ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Àwa tí a lè dìbò, ká dìbò. Àwọn àgbà wa tó wà ní Àkókà ní 1978, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nípàdé wa tó ń bọ̀, kí wọ́n lè gbọ́ orúkọ Adépéjú, Òjó àti Ìwílàdé lẹ́nu tiwa.